Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Ìyàwó

Ẹ má retí pé màá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ìtàn ìfẹ́ yìí. Inú bí mi nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì ti kọjá. Ìfẹ́ Seokju ọmọ-ọmọ mi àti Rahee ni, ìfẹ́ tó dára, tí àwọn àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọmọlúwàbí pa. Ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà ni èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, Kwak Malsun.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí nígbà náà. Oṣù kìíní ni rọpárọsẹ̀ kọlù mí, níbi tí mo ti ń gé kimchi, ewébẹ̀ kíkan wa, tí mo fẹ́ fi se ọbẹ̀. Ọwọ́ òsì mi kú mọ́ mi lára. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú Jinju, ní Korea níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní iṣẹ́ wọn padà. Rahee ló ń tọ́jú ọwọ́ níbẹ̀, ọmọbìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán.

Ó gbé abọ́ méjì síwájú mi. Ẹ̀wà dúdú kún ọ̀kan.

"Màmá, ẹ fi ọwọ́ òsì kó wọn sínú èkejì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún."

"Tí mo bá kó o tán ńkọ́?"

"Ẹ óò kó wọn padà."

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbá abọ́ náà dànù. Ẹ̀wà fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Seokju wà níbẹ̀, ó wá wò mí ni. Dípò kó bá mi wí, ẹ̀rín ló bú sí.

"Níbi iṣẹ́ mi," ó ní, "tí ẹni tó ń ṣeré bá ju eré mọ́lẹ̀, a kì í bá a wí. Ẹni tó ṣe eré náà la máa ń bá wí."

Rahee ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè. "Ọ̀gá, ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

"Rárá o. Ẹ̀wà ni."

"Ẹ̀wà ò létí. Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ bá mi ṣà á."

Ó kúnlẹ̀. Wọ́n ṣa ẹ̀wà yẹn pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jókòó sórí àga mi, mò ń wò wọ́n, mo sì rí i pé ọmọ mi ń ju èyí tó ti ṣà sílẹ̀ padà.

Géèmù orí ẹ̀rọ ni Seokju ń ṣe jẹun. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Seoul, tí wọ́n ń ṣe irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jókòó tì títí ojú wọn á fi pọ́n. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yẹn, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Oṣù méjì ló fi ń bọ̀ wá bá Rahee, tí ó ń bi í léèrè bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́, ìka wo ló kọ́kọ́ máa ń jí. Ní oṣù kẹta ó gbé ìbọ̀wọ́ kan wá tí okùn tín-ín-rín wà lára rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ. Mo wo ojú ẹ̀rọ, mo rí ẹrẹ̀ etí òkun Namhae níbi tí mo ti dàgbà. Tí mo bá ká ìka kò, ọwọ́ kan á wọ inú ẹrẹ̀ lọ, á fa ìṣáwùrú yọ. Tí mo bá tàsé, kò sẹ́ni tó máa ní rárá, ẹrẹ̀ á kàn rọ̀ díẹ̀ sí i, ìṣáwùrú á sún mọ́ mi. Tí mo bá rí i mú lẹ́ẹ̀mẹta, á wọlẹ̀ sí i. Kò rọrùn débi tó fi máa sú mi, kò sì le débi tí màá fi jù ú nù.

"Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ wa nìyẹn, Màmá àgbà," Seokju ní. "Kí ẹni tó kùnà ti tún bẹ̀rẹ̀ kí ojú tó tì í."

Lọ́jọ́ kan, mo fa ìṣáwùrú irínwó. Rahee ló kà á fún mi. Ó dúró, ó ń wo ìka mi, ó wá bojú wẹ̀yìn kí n má bàa rí omi lójú rẹ̀.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe gbilẹ̀ nìyẹn, nídìí ìbọ̀wọ́ mi. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń jà.

"Ìka kékeré yìí ò gbọ́dọ̀ ká tó báyìí, o máa dá a lọ́gbẹ́," Rahee á ní.

"Mo ti dín in kù lánàá."

"Tún dín in kù."

"Tí mo bá dín in kù, ṣé wàá bá mi lọ wo òdòdó létí odò?"

"Kọ́kọ́ dín in kù ná."

Ó dín in kù. Wọ́n lọ. Nígbà tí Seokju dé, kò lè jẹun. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ti mú un.

Ó wá ku bàbá Rahee. Pyo Inhwan, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà Pyo torí pé ó ti na ìdajì wọn. Màdáámù Sim alárinà ti mú dókítà eyín kan wá fún un pé kó fẹ́ Rahee, ó sì ti gba fọ́tò rẹ̀ wọlé. Seokju gbé apẹ̀rẹ̀ píà, ó lọ kí wọn nílé.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mò ń ṣe géèmù tí àwọn aláìsàn fi ń gba ìtọ́jú, sà."

"Odidi ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gba géèmù lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé. Kí n wá fi ọmọ mi lé ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́? Mélòó nínú àwọn ọmọ mi lo ti sọ di ọ̀lẹ?"

Seokju dìde. Ó padà wálé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ píà rẹ̀. Mo jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀, inú ń bí mi, kò dùn lẹ́nu mi.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, rọpárọsẹ̀ kọlu Tíṣà Pyo. Apá ọ̀tún. N kò yọ̀ ọ́. N kò sì sunkún.

Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn wa, wọ́n gbé e jókòó tì mí, wọ́n fi ìbọ̀wọ́ ọmọ mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ korò bí ẹni tí wọ́n fi ìdọ̀tí sí lọ́wọ́. Rahee bẹ̀ ẹ́, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó wá pariwo lójú gbogbo wa pé:

"Ó dáa! Tí nǹkan ìṣeré yìí bá jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún mi fi igi ìjẹun méjèèjì mú ẹ̀wà kan ṣoṣo dé ẹnu kó tó di ọdún Chuseok, màá bá ìdílé ọmọkùnrin yìí jókòó jẹun, kí wọ́n fẹ́ra wọn. Tí kò bá ṣe é, Rahee, dókítà eyín ni. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá," Rahee dáhùn. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

Oṣù kẹfà la wà. Chuseok, ọdún ìkórè wa, kù bí oṣù mẹ́rin. Seokju ò sùn dáadáa mọ́. Ó fẹ́ kí bàbá ìyàwó tètè san, ó wá rántí ohun kan tí wọ́n máa ń ṣe ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Tí o bá kọ orúkọ àwọn tó ń ṣeré sójútáyé, tí o sọ ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ dìde.

"Má ṣe é," Rahee sọ fún un. Mo wà níbẹ̀. "Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún."

"Ènìyàn lènìyàn. Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ ṣíwájú."

"Mo ní má ṣe é. Mo mọ bàbá mi."

"Èmi náà mọ iṣẹ́ mi."

Ó ṣe é. Wọ́n gbé pátákó kan kọ́ ògiri, tó ń tàn yanran: orúkọ, ọjọ́ orí bí ilé ìwòsàn ṣe máa ń kọ ọ́, àti iye ìṣáwùrú ọ̀sẹ̀ náà. Èmi ni mo ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá mi ò rán mi ní ilé-ìwé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ, èmi lọ sínú ẹrẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi, ní gbọ̀ngàn àdúgbò, pẹ̀lú àwọn arúgbó ẹgbẹ́ mi. Láyé mi, n kò tíì ṣíwájú rí nínú ohunkóhun. Mo wo orúkọ mi lókè yẹn, Kwak Malsun, mo kà á fúnra mi, ọkàn mi ga.

Mo sì yangàn. Háà, mo yangàn! "Tíṣà Pyo," mo máa ń sọ fún un, "ẹ tún gbéra o. Ẹ wo obìnrin tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ẹ wo ibi tó wà." Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tẹrí ba. "Màmá, agbára yín ò ṣe é bá dù." Mo máa ń lọ sílé bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Oṣù kẹfà lọ, oṣù keje lọ, oṣù kẹjọ ń parí lọ. Ọwọ́ Tíṣà Pyo wà bó ṣe wà. Seokju ń rù. Ó ń tún ẹ̀rọ tò, ó ń tú u, kò rí ibi tó ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mo tètè dé, mo jókòó kojú pátákó. N kì í ka orúkọ ẹlòmíràn, ó máa ń pẹ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò sòro fún mi. Mo wo ọjọ́ orí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, láti òkè lọ sísàlẹ̀: 79, 76, 73, 70, 66, 61, 58.

Mo tún kà á. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mo kà á gòkè.

Ṣé ẹ rí i? A tò bí ìgbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ níwájú àwọn àgbà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ṣíwájú ẹni tó jù ú lọ. Odidi oṣù mẹ́ta!

Nígbà tí Tíṣà Pyo dé, mo jẹ́ kó bọ ìbọ̀wọ́, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Ó fa ìṣáwùrú mélòó kan. Ó wo pátákó. Ó wo iye tèmi. Ó wá sọ ọwọ́ kalẹ̀ sórí itan, ó ń wo ojú fèrèsé.

"Tíṣà, kí ló dé tí ẹ dúró?"

"Ó ti tó fún tòní, Màmá."

"Ṣé ẹ ń mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ̀yìn mi ni?"

Ojú tì í díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n rí i níbi tó ti ń ṣe oore ní kọ̀rọ̀. "Màmá, báwo ni màá ṣe gbé orúkọ mi lé orí yín lójú gbogbo ayé? Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ló kún ibí yìí. Ẹ̀kọ́ wo ni màá fi kọ́ wọn?"

"Ta ló bẹ̀ ọ́?" Ohùn mi ti ga. Gbogbo yàrá yíjú sí wa. "Ta ló bẹ̀ ọ́, Pyo? Mo rò pé mo borí yín! Mo lọ ń sọ ọ́ káàkiri ọjà! Àṣé ẹ kàn ń fún mi bí ẹni fún ọmọdé ní súìtì!"

"Màmá, ọ̀wọ̀ ni..."

"Ọ̀wọ̀ rẹ já sí èébú! Ṣé ọwọ́ rẹ mọ̀ pé ọ̀wọ̀ lò ń bù fún mi, tàbí ó ń kú lọ ní tirẹ̀?"

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo jù ú lu ògiri. Seokju sáré wọlé. Òun gan-an ni mo tún dojú kọ.

"Ìwọ! Ọmọ Korea ni ọ́ àbí ọmọ ibo? O kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú àjèjì tí wọn ò mọ ara wọn bá ara wọn jà lórí ẹ̀rọ, o wá gbé e kọ́ ògiri àwọn arúgbó! Kí lo rò pé a máa ṣe?"

Ó wo pátákó. Mo rí i bí ó ṣe ń ka nọ́ńbà, tí ẹ̀jẹ̀ ń kúrò lójú rẹ̀.

Rahee wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù.

"Mo sọ fún ọ."

"Rahee, mo..."

"Mo sọ fún ọ pé mo mọ bàbá mi. O ò gbọ́. Bàbá mi náà ò gbọ́ tèmi rí. Kí wá ni ìyàtọ̀? Tí mo bá fẹ́ ọ, ṣé kì í ṣe ilé kan náà ni màá tún wọ̀?"

Lọ́sẹ̀ yẹn ló gbà fún Màdáámù Sim, ó lọ bá dókítà eyín mu tíì. Alárinà yẹn wá sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ láti wá sọ fún wa, ète pupa, ẹ̀rín kún ẹnu. "Wọ́n jókòó fún wákàtí méjì o, Màmá! Eyín ọmọkùnrin náà funfun báláú!"

"Kó ta á," mo wí.

Seokju dùbúlẹ̀ sílé bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo fi ọ̀pá mi gún un ní ìhà. "Dìde. Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí ẹni tó kùnà tún bẹ̀rẹ̀ kí ojú tó tì í? Ojú ti ń tì ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Kí ni kí n ṣe, Màmá àgbà? Tí mo bá yọ pátákó, bàbá rẹ̀ ti mọ̀ pé ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kò ní kọjá yín náà ni."

"Ní abúlé wa, nígbà tí a bá ń fa àwọ̀n, ta ló ń ṣíwájú?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Tí ẹnì kan bá dẹ ọwọ́ ńkọ́?"

"Ẹja á lọ." Ó dìde jókòó. "Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣubú."

Ó lọ bá Rahee, ó sì bi í léèrè kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Rahee sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyẹn ló mú òun padà, kì í ṣe omijé rẹ̀ o. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkùnrin kan bi òun ní ìbéèrè tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é. Wọ́n yọ pátákó. Àwọ̀n ńlá kan ló wà lójú ẹ̀rọ báyìí, gbogbo wa dì í mú. Agbára tí kálukú ní lánàá ni ẹ̀rọ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, pẹ̀lú díẹ̀ lé e, nítorí náà ti ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin kì í ṣe ti ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá dẹ ọwọ́, ẹni tó dúró tì í lójú ẹ̀rọ ló máa yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Èmi ni wọ́n fi ti Tíṣà Pyo.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó dẹ ọwọ́, mo ṣubú gbàà. Gbogbo yàrá pariwo, "Háà, Tíṣà! Ẹ ti ju Màmá sẹ́rẹ̀!" Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbá ìka mọ́ra. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù karùn-ún tí àìsàn ti mú un, mo rí òógùn níwájú orí ọkùnrin yẹn. Ìka rẹ̀ mẹ́ta kò, ó sì dì í mú títí àwọ̀n fi wọlé.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù.

Nígbà tí Chuseok ku ọ̀la, wọ́n gbé abọ́ ẹ̀wà síwájú rẹ̀. Màdáámù Sim wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó fi igi ìjẹun mú ẹ̀wà kan, ó gbé e kúrò nínú abọ́. Ó dé àyà rẹ̀. Ó bọ́. Ó tún mú un, ó bọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀. Ó bọ́, ó yí lórí tábìlì títí ó fi jábọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mi lọ̀rọ̀ mi," ni Tíṣà Pyo wí. Ohùn rẹ̀ ò ga.

Seokju tẹrí ba fún un. "Mo ti kùnà, sà. Ẹ dárí jì mí." Rahee jáde lọ láìwẹ̀yìn. Inú bí mi sí ọmọ mi ju bàbá yẹn lọ. Kí ló ń tẹrí ba fún?

Ọjọ́ ọdún, lẹ́yìn tí a bọ àwọn òkú wa tán, mo gbé ọ̀pá mi, mo ní kí Seokju fi ọkọ̀ gbé mi lọ sílé Tíṣà Pyo, kó jókòó sínú ọkọ̀. Ìyàwó Tíṣà ń pín àkàrà ìrẹsì. Rahee ń fọ abọ́, ojú rẹ̀ wú. Tíṣà gbìyànjú láti dìde kí mi.

"Jókòó," mo wí. "Ọdún mélòó ni mo fi jù ọ́ lọ?"

"Mẹ́tàlá, Màmá."

"Ọ̀wọ̀ mi lo ń bù ní oṣù mẹ́ta tí o kò fi kọjá mi, àbí irọ́ lo pa?"

"N kò purọ́. Àgbà mi lẹ jẹ́."

"Ó dáa. O bọ̀wọ̀ fún mi níbi tí n kò ti fẹ́ ẹ, o ò bi mí, o fi ọwọ́ ara rẹ ṣòfò lé e. Lónìí, mo wá gba ọ̀wọ̀ yẹn níbi tí mo ti fẹ́ ẹ. Jẹ́ kí ọmọ yìí fẹ́ ẹni tó wù ú."

"Màmá, mo ti sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ìdánwò ni, ọwọ́ mi ò yege."

"Tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mọ ìdáhùn, tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ òmíràn kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ṣíwájú, ìwọ Tíṣà, ṣé máàkì rẹ̀ lo máa fi sọ pé ìwé tó kà ò dára?"

Ó gbójú sílẹ̀ wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Mò ń bi ọ́! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lo fi gbìyànjú, ẹ̀wà dé àgbọ̀n rẹ. Kí ni oṣù mẹ́ta ì bá ṣe? Ìwọ lo ṣe èrú nínú ìdánwò yẹn. Ìwọ lo fẹ́ fi ọmọ rẹ san án. Tàbí ọ̀wọ̀ tèmi ò kọjá orí pátákó? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, sọ ọ́, kí n mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ni o fi mí ṣẹ̀sín."

Omi ti dúró nínú agbada ìfọbọ́. Rahee ò mira. Ìyàwó Tíṣà, tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, ló gbé abọ́ àkàrà kalẹ̀, ó wí pé, "Bàbá Rahee, ẹ dá Màmá lóhùn."

Tíṣà na ọwọ́ sí ìgò ọtí ìrẹsì. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti mú un, kò tíì bu ọtí fún ẹni tó jù ú lọ, torí ọwọ́ méjèèjì la fi ń bu ọtí fún àgbà. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ìgò, ó wá gbé ọ̀tún lé e díẹ̀díẹ̀. Ìdajì ọtí dà sí ife, ìdajì dà sí itan mi.

"Ẹ ní kí ọmọkùnrin náà wọlé," ó wí. "Kò dára kó jókòó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ ọdún."

Rahee ò dúró gbọ́ ìyókù. Ọwọ́ ọṣẹ ló fi ṣílẹ̀kùn.

Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣègbéyàwó. Wọ́n ṣì ń jà lórí ìka kékeré, lórí abọ́, lórí gbogbo nǹkan, ilé wọn dùn. Ẹni tó bá rí mi á ní kí ló tún ń bí ẹ nínú, Malsun? Màá sọ ọ́. Tíṣà Pyo ò lè kọ̀wé mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tó dé, ó dúró síbẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn lọwọ́ máa ń gbọ́ràn jù, tí wọ́n bá ti kọjá, ó di díẹ̀díẹ̀. Oṣù mẹ́ta nínú wọn ni ọkùnrin yẹn fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń kí mi, tí èmi rò pé mo ń borí.